Ta ló ti ka ìwé Beverly Jenkins rí níbí? Ẹ wá ká sọ̀rọ̀

Àṣàkẹ́_Oníwèé (alẹ́ Sátidé)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò sùn dáadáa lánàá, ìwé ló fà á. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó páálí ìwé àlòkù kan wálé láti Amẹ́ríkà, mò ń tú u wò, mo bá rí ọ̀kan tí wọ́n kọ Indigo sí lára, Beverly Jenkins ló kọ ọ́, 1996 ló jáde. Mo rò pé irú àwọn ìwé ìfẹ́ tá a máa ń kà ní hósítẹ́ẹ̀lì ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé ìwé obìnrin ẹ mọ èyí tí mò ń wí, Mills & Boon tá a máa ń ki bọ àárín ìwé máàtì kí mátírọ̀nù tó gbé tọ́ọ̀ṣì dé. Ọkùnrin olówó tí kì í rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin tó ń ṣe sẹ́kítírì ẹ̀, wọ́n á jà jà jà títí ìwé á fi kù díẹ̀ kó parí, wọ́n á wá fẹ́ra. Mo ní kí n kàn fi pa ìrònú rẹ́.

Àfi bí mo ṣe ṣí i tó jẹ́ lẹ́tà ni mo kọ́kọ́ bá. Ọkùnrin kan ló ń kọ̀wé sílé, ọmọ òmìnira ni o, ó ń sọ fáwọn èèyàn ẹ̀ pé òun ti lọ ta ara òun lẹ́rú, torí obìnrin tóun fẹ́ wà lóko ẹrú, òun ò sì lè fi í sílẹ̀. Ó ta ara ẹ̀! Mo pa ìwé dé. Mo lọ mu omi. Mo tún padà wá ṣí i.

Ọmọ tí ọkùnrin yẹn bí ni ìtàn wá dá lé lórí, Hester Wyatt, tó ti bọ́ lóko ẹrú tó ń gbé ní Michigan ní 1858, ilé ẹ̀ ló máa ń fi àwọn tó sá lóko ẹrú pa mọ́ sí kí wọ́n tó rí ọ̀nà kọjá sí Kánádà. Wọ́n wá gbé ọkùnrin kan wá bá a lóru tí wọ́n ti lù bí ẹni máa kú, Galen Vachon, ọmọ olówó láti New Orleans, òun náà ló ń lọ kó ẹrú sá ní gúúsù. Aláìsàn tí kì í dúpẹ́, tó ń ráhùn ṣáá. Ẹ ò ní gbọ́ ìyókù lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi wá síbí ni ẹ̀yìn ìwé náà. Ìtàn parí, ìfẹ́ ti gbẹ̀yìn, obìnrin yìí wá to orúkọ àwọn ìwé ìtàn tó kà kó tó kọ ọ́ síbẹ̀, bíi ti àwọn tó ń ṣe máàsítà. Ìwé ìfẹ́ wo lẹ ti rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Mo wá ìtàn ayé ẹ̀ lọ. Detroit ni wọ́n bí i sí ní 1951, àkọ́bí ọmọ méje, ilé ìwé girama Cass Tech ló ti jáde, ó lọ yunifásítì Michigan State, iṣẹ́ láíbìrì ló ń ṣe jẹun. Ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1994, ẹni ọdún 43 ni nígbà yẹn. Èmi rèé, mo di 41 lóṣù tó kọjá, mo ti ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ ọ́n níbí?

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní hísítìrì, ìwé ìfẹ́ tí mo ti gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kíláàsì kún dúróò tábìlì mi fọ́fọ́, mi ò rí èyí tó wúlò nínú wọn. Ìyàwó mi ló ń kó wọn kà, èmi kọ́ o. Pé ọmọ òmìnira lọ ta ara ẹ̀ lẹ́rú, àròsọ ni. Òfin wo ló fàyè gbà á? Àwọn oníwèé ìfẹ́, kí wọ́n ṣáà ti pa èèyàn lẹ́kún.

Tọ́bí_Kóòdù

ẹ fi PDF ránṣẹ́ jàre

Àṣàkẹ́_Oníwèé

Tọ́bí, obìnrin náà ń bẹ láyé, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Kò sí PDF.

Ìyá_Ìbejì_Michigan

Ẹ kú àárọ̀ o, ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ yín, àwa ò tíì kúrò níṣẹ́. Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mí, nígbà tí wọ́ọ̀dù bá dákẹ́ ni mo máa ń kàwé, obìnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Detroit gidi, òun ló ju Night Song, ìwé àkọ́kọ́ tí Beverly Jenkins kọ, sí mi lọ́wọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, láti ìgbà yẹn mi ò tíì bọ́.

Àṣàkẹ́ sáré kọjá ibi tó dùn jù. Kì í ṣe pé Beverly Jenkins jókòó pé òun fẹ́ kọ ìwé tà o. Ìwé tó wù ú kà ni kò rí kà. Ó fẹ́ràn ìwé ìfẹ́, ó fẹ́ràn ìtàn, àmọ́ gbogbo ìwé ìfẹ́ ayé àtijọ́ tó wà lórí àtẹ, òyìnbó ló kún inú ẹ̀, tí dúdú bá fi yọjú níbẹ̀ rárá, á jẹ́ ẹrú tàbí ẹni tó ń gbé tíì wá. Ló bá ń kọ tiẹ̀ nílé lẹ́yìn iṣẹ́. Láíbìrì ilé iṣẹ́ oògùn Parke-Davis ló wà nígbà yẹn, òun ló ń wá ìwé fáwọn tó bá ní ìbéèrè. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ yẹn ti ta ìwé ìfẹ́ tiẹ̀ fún atẹ̀wé, òun ló ní kó gbé ohun tó ń kọ wá kóun rí i, ó kà á tán, ó ní èyí ò gbọdọ̀ wà nílé, àfi kó wá ééjẹ́ńtì.

Ééjẹ́ńtì tó wá rí ńkọ́? Vivian Stephens. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin dúdú láti Houston ni, ó ti ṣe olóòtú nílé atẹ̀wé Dell, níbẹ̀ ló ti gba Entwined Destinies wọlé, èyí tó jáde ní 1980, ìwé ìfẹ́ tí akọ̀ròyìn dúdú kan tó ń jẹ́ Elsie B. Washington kọ, orúkọ tó fi sí i ni Rosalind Welles, dúdú ni ọkùnrin inú ẹ̀, dúdú ni obìnrin inú ẹ̀, irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ rárá láyé ìgbà yẹn. Vivian yìí kan náà tún wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn oníwèé ìfẹ́ Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ́dún náà, Romance Writers of America. Òun ló wá gbé Night Song kiri ilé àwọn atẹ̀wé. Eléyìí ní rárá, tọ̀hún ní rárá.

Ohun tí wọ́n rí sọ ló ń bí mi nínú. Wọn ò sọ pé kò mọ̀ ọ́n kọ. Ohun tó dà wọ́n láàmú ni pé ìtàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, dúdú ló kún inú ẹ̀, kò sì dá lórí oko ẹrú. Tíṣà ni obìnrin inú ẹ̀, Cara Lee Henson, sójà ẹlẹ́ṣin ni ọkùnrin, Chase Jefferson, ìlú àwọn dúdú ni wọ́n wà ní Kansas ní 1882, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, wọ́n ní ilé ìwé tiwọn. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa tò ó sí. Lójú wọn, dúdú ayé ìgbà yẹn, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ló yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì.

Ó tó 1993 kí ilé atẹ̀wé Avon tó pè é pé àwọn máa rà á. Ó jáde ní 1994. Nígbà tó fi máa di 1995, ìwé ìròyìn People ti fi ojú ìwé 5 ròyìn ẹ̀. Ẹ ò rí ayé.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Ìtọ́kú

Ẹ dákun, kí ló dé tó fi jẹ́ Indigo? Ṣé aró tiwa yìí ni àbí orúkọ ẹnì kan ni?

Àṣàkẹ́_Oníwèé

Aró ni. Oko aró ni Hester ti ṣe ẹrú nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọ̀ aró ti wọ ọwọ́ ẹ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀, kò ṣe é fọ̀ kúrò mọ́. Ojú máa ń tì í torí ẹ̀. Ọkùnrin yẹn ló wá sọ ọ́ di orúkọ tó fi ń kẹ́ ẹ, ó ń pè é ní Indigo.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Ìtọ́kú

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jókòó.

Ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni, Ìtọ́kú níbí. Tí mo bá dijú báyìí, ọwọ́ wọn ni mo máa ń rí kí n tó rí ojú wọn. Búlúù ni títí dé nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́, búlúù tó ti ń dúdú, abẹ́ èékánná ẹ bíi pé wọ́n ti í bọ inú ìgò íńkì. Tí wọ́n bá ń bu ẹ̀bà fún wa nígbà tá a wà ní kékeré, ojú ẹ̀bà là ń wò bóyá àwọ̀ yẹn máa lé e, kò lé e rí. Ewé ẹlú ni wọ́n máa ń gún, wọ́n á mọ ọ́n ní róbótó róbótó, wọ́n á sá a títí á fi gbẹ, omi eérú tí wọ́n ti sẹ́ ni wọ́n á wá kó o sí nínú ìkòkò, á wà ńbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á máa rùn, ẹni tí ò bá gbọ́ òórùn aró tó ti kan rí kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ní o, afẹ́fẹ́ ló máa ń sọ ọ́ di búlúù níṣojú ẹ, èmi a dúró tì í kí n lè rí i bó ṣe ń yí padà.

Nígbà tí wọ́n wẹ òkú màmá ní 2004, aró ọwọ́ yẹn ò ṣí. Àwọn tó wẹ̀ wọ́n ló sọ fún wa.

Ọwọ́ yẹn ni màmá fi kọ́lé. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi rán ìyá mi nílé ìwé. Tí wọ́n bá dé ọjà, wọ́n kàn máa wo ọwọ́ wọn, wọ́n á ní ẹ fún aláró láyè. Obìnrin inú ìwé yín yìí, àwọ̀ kan náà, òun ni wọ́n fi lè dá a mọ̀ lẹ́rú. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ wí mọ́.

Ìyá_Ìbejì_Michigan

Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ pa mí lẹ́kún níbi iṣẹ́.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Ẹ rọra. Ọ̀rọ̀ màmá dùn mọ́ mi, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìtàn la fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Oko aró tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, South Carolina ni, láti nǹkan bí 1740 sókè, nígbà tí Eliza Lucas ń gbìn ín lóko bàbá ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹrú ló mọ̀ ọ́n ṣe, ẹrú ló ń ṣe é. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń san owó lé e fún wọn. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba òmìnira, owó yẹn tán, Gẹ̀ẹ́sì lọ ń ra tiẹ̀ ní Íńdíà, òwú gba oko. Ọmọ tó ṣẹrú lóko aró lẹ́yìn 1830, oko wo nìyẹn?

Ìyá_Ìbejì_Michigan

Bàbá Tíṣà, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́ o. Owó ńlá tó wà nínú ẹ̀ ló tán, kì í ṣe pé gbogbo èèyàn fà á tu. Àwọn kan ṣì ń gbìn ín díẹ̀díẹ̀ létí òkun. Ẹ má tí ì tìtorí ìyẹn ju ìwé nù.

Tí ẹni tó ta ara ẹ̀ yẹn ńkọ́, òfin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n mú wá rèé. Ní Virginia, láti 1806, ẹrú tí wọ́n bá dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò ní ìpínlẹ̀ yẹn láàárín oṣù 12, tí kò bá lọ wọ́n lè tún un tà. Ẹ wá wò ó, wọ́n dá ọkùnrin sílẹ̀, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ olówó ẹrú míì. Ṣé kó lọ ni àbí kó dúró? Àwọn kan kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba pé káwọn dúró, àwọn kan sì kọ ọ́ pé kí wọ́n kúkú sọ àwọn dẹrú padà káwọn lè wà lọ́dọ̀ ìyàwó àwọn. Nígbà tó di 1856 Virginia ṣòfin sí i, pé ẹni tó bá wù lè fúnra ẹ̀ yan olówó ẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ míì ní gúúsù tẹ̀ lé e. Ìwé ẹ̀bẹ̀ wọ̀nyẹn ṣì wà nílẹ̀ dòní, pẹ̀lú àmì X tí àwọn tí ò mọ̀wé kọ fi sí i.

Ibi tó ti bu nǹkan sínú ìtàn ẹ̀ nìyẹn. Kò hùmọ̀ ẹ̀.

Bọ̀dá_Baltimore

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìsọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀bù ìwé ńlá kan ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́, èmi ni mò ń to ìwé sórí ṣẹ́ẹ̀fù lóru. Máníjà kọ́ mi lọ́jọ́ kìíní: ìwé ọ̀daràn níbí, ìwé ìfẹ́ níbí, ìwé sáyẹ́ǹsì níbí. Mo gbé ìwé ìfẹ́ kan dání, orúkọ obìnrin yìí gan-an ló wà lára ẹ̀, mo fẹ́ tò ó sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Ó ní rárá. Ó mú mi lọ sẹ́yìn, ibi ṣẹ́ẹ̀fù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo ìwé tí dúdú bá ti kọ, ibẹ̀ ni. Ìwé oúnjẹ, ìwé ìjà òmìnira, ìwé ìfẹ́, ìwé òwò, kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo rò pé ẹ̀yẹ ni wọ́n fi ṣe fún wa, pé wọ́n yà wá sọ́tọ̀. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Obìnrin tí kì í ṣe dúdú tó wá ra ìwé ìfẹ́ kò ní dé ẹ̀yìn yẹn láéláé, àfi tí ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n.

Obìnrin yìí ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé ìwé ìfẹ́ lòun kọ, kí wọ́n gbé e síbi ìwé ìfẹ́. Ẹ sì máa ránti ẹgbẹ́ tí Vivian Stephens bá wọn dá sílẹ̀ o. Láti 1982 ni wọ́n ti ń fún àwọn òǹkọ̀wé lẹ́bùn, RITA ni wọ́n ń pè é nígbà tó yá. 2019 kí obìnrin dúdú tó gbà á, Kennedy Ryan àti M. Malone, lọ́dún kan náà. Ọdún mélòó nìyẹn? Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Àṣàkẹ́_Oníwèé

37. Mo ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Beverly fúnra ẹ̀ ńkọ́?

Bọ̀dá_Baltimore

Ẹ̀bùn àgbà ni wọ́n fún un ní 2017, èyí tí wọ́n fi orúkọ Nora Roberts, òǹkọ̀wé ìwé ìfẹ́, pè, fún gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láyé ẹ̀. Láàárín 2019 sí 2020 wàhálà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tú ẹgbẹ́ náà ká, wọ́n yí orúkọ RITA padà sí Vivian. 2024 wọ́n lọ sí kóòtù pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn. Ẹ̀gàn ò sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àmọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ti lé gbogbo èèyàn lọ tán ni wọ́n rántí fi orúkọ màmá Vivian Stephens sórí ẹ̀bùn.

Arábìnrin_Ìràpadà

Ẹ kú ìjíròrò o. Ìbéèrè kan ni mo ní, ṣé ìwé náà mọ́? Torí mo fẹ́ rà á fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí mo rí i tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ìtàn.

Ìyá_Ìbejì_Michigan

Arábìnrin, ẹ dúró. Ẹ má rà á. Àwọn ìwé ayé àtijọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ẹ̀yin náà wà nínú yàrá pẹ̀lú wọn o, kò ṣí ojú ìwé kan fò. Mo ní láti yí ojú fóònù dání nígbà tí dókítà bá ń kọjá.

Èyí tó yẹ yín ni àwọn ìwé Blessings, ó bẹ̀rẹ̀ wọn ní 2009 pẹ̀lú Bring on the Blessings. Ìyẹn mọ́. Obìnrin kan ń jẹ́ Bernadine Brown, ọjọ́ ìbí ẹ̀ kejìléláàádọ́ta ló ká ọkọ ẹ̀ mọ́ sẹ́kítírì lórí tábìlì ọ́fíìsì. Kò pariwo. Ó gba lọ́yà, ó kọ ọkọ, ó gba mílíọ̀nù 275 dọ́là lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wá ń wá ohun tó máa fi owó ṣe fún Ọlọ́run. Ọjọ́ kan ó rí i lórí eBay pé ìlú kan wà lọ́jà.

Tọ́bí_Kóòdù

ìlú kẹ̀? odindi ìlú? lórí eBay? 😂

Ìyá_Ìbejì_Michigan

Odindi ìlú, Tọ́bí. Ìlú ti jẹ gbèsè. Ó rà á, ó kó àwọn ọmọ tí ò ní òbí wá síbẹ̀, ó ń wá ẹni máa tọ́ wọn. Orúkọ ìlú yẹn ni Henry Adams, Kansas. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ka Night Song ẹ máa pariwo níbẹ̀ yẹn, torí ìlú tí Cara Lee ti ṣe tíṣà ní 1882 náà ni. Ọmọ ọmọ wọn ló ṣì wà níbẹ̀. Òǹkọ̀wé yẹn kọ ìlú náà, ó fi sílẹ̀ fún ọdún 15, ó padà lọ ra á.

Ó ní ibi tó ti rí àwòkọ. Ní 2019 mo bá ọkọ mi lọ nínú tírélà, a ń lọ sí Denver, nígbà tá a wọ Kansas mo ní kó yà fún mi. Ó ń ráhùn nítorí epo, mo ní kó yà. Nicodemus lorúkọ ibẹ̀. Ilé mélòó kan, ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n fi òkúta kọ́, koríko lọ títí tí ojú ò fi tó òpin ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tó fẹ́ gba gèlè lórí mi. Àwọn dúdú láti Kentucky ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1877, lọ́dún tí ìjọba kó àwọn ọmọ ogun ẹ̀ tó ń ṣọ́ gúúsù kúrò, tí àwọn òyìnbó ibẹ̀ tún ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n ti gbọ́ pé ilẹ̀ wà, pé igi wà, pé ẹran wà. Wọ́n dé, kò sígi. Wọ́n gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, inú ẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Obìnrin kan wà, Willianna Hickman, tó dé ní 1878, òun àti ọkọ ẹ̀ àti àwọn ọmọ, wọ́n ti rìn tó rìn, àwọn ọkùnrin wá pariwo pé àwọn ti rí Nicodemus. Ó wò yíká, kò rí nǹkan kan. Ọkọ ẹ̀ nawọ́ sí èéfín tó ń rú jáde nínú ilẹ̀. Obìnrin yẹn fi ẹkún sí i.

Ọdún kìíní yẹn, àwọn Osage, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń ti oko ọdẹ bọ̀ ló fún wọn ní ẹran tí wọ́n fi la òtútù já. Àwọn kan padà lọ. Àwọn tó kù kọ́ ilé ìwé, wọ́n ní ìwé ìròyìn, ìlú ń gbèrú, wọ́n ń retí kí rélùwéè gbabẹ̀ kọjá. 1888 rélùwéè kọjá sódìkejì odò. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tú ilé wọn, wọ́n kó o tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìlú ò tú tán o, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí àwọn ọmọ wọn máa ń ti gbogbo Amẹ́ríkà wálé lọ́dọọdún, bíi ti Ọjọ́ Ìlú tiwa.

Ọkọ mi tó ń ráhùn lórí epo, òun ló gbé fóònù tó ń ya fọ́tò kiri. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rò ó pé tí mi ò bá ka ìwé ìfẹ́ kan ní wọ́ọ̀dù ní aago mẹ́ta òru, kí ló máa mú èmi ọmọ Ìkìrun mọ ibẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Ìtọ́kú

Ẹ ní èéfín ń rú jáde nínú ilẹ̀. Mo rí i.

Àṣàkẹ́_Oníwèé

Mo ti parí Indigo o. Mo sun ẹkún lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò ní sọ ibi tó jẹ́. Ìyá Ìbejì, èwo ni kí n kà tẹ̀ lé e?

Ìyá_Ìbejì_Michigan

Night Song, kó o lè mọ ilé kó o tó mọ ọjà. Lẹ́yìn náà Vivid, dókítà obìnrin ló wà níbẹ̀, tí àwọn èèyàn ò gbà pé dókítà ni, 1995 ló jáde. Tó o bá fẹ́ tuntun, Rebel, 2019, New Orleans lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tíṣà tún ni. Ó fẹ́ràn tíṣà! Wild Rain náà dáa, obìnrin tó ń sin ẹṣin ní Wyoming, akọ̀ròyìn wá fi ọ̀rọ̀ wá arákùnrin ẹ̀ tó jẹ́ dókítà lẹ́nu wò, obìnrin yẹn ló wá gba akọ̀ròyìn sílẹ̀ nínú yìnyín. Láíbìrì ibí ní gbogbo wọn, èmi lórí Libby, áàpù tí láíbìrì fi ń yáni níwèé lórí fóònù, ni mo ti ń yá wọn, mi ò san kọ́bọ̀.

Arábìnrin_Ìràpadà

Mo ti rí Blessings. Mo ra méjì. Mo tún ra Night Song, ti èmi nìkan ni ìyẹn.

Tọ́bí_Kóòdù

ah arábìnrin 👀

Tíṣà_Fẹ̀yìntì (ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti lọ yẹ òfin 1806 àti ti 1856 wò. Òótọ́ ni, bí wọ́n ṣe wí ló rí. Mo ti fi ọdún 31 kọ́ni ní òwò ẹrú láìmọ̀ ọ́n, mo máa ń dúró síbi tí ọkọ̀ ojú omi bá ti gúnlẹ̀ ni, torí ibẹ̀ ni ìdánwò máa ń parí sí. Ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn bá mi ra Indigo sórí fóònù. Ẹ̀yìn ìwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó to àwọn ìwé sí. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wá ní kí n padà síwájú kí n rí ohun tó fi wọ́n ṣe.

Lẹ́tà yẹn dáa. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo ti kà á dé ibi tí wọ́n gbé ọkùnrin yẹn sọ̀ kalẹ̀ sílé obìnrin náà lóru, ojú ẹ̀ wú, kò lè ríran, ìyàwó mi wá kọjá lẹ́yìn mi, ó ní kí ni mò ń kà tí mi ò gbọ́ ìpè oúnjẹ. Mo ní ìwé ìtàn ni. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ti di àná o, kò tíì dá a padà.

Tọ́bí_Kóòdù

bàbá ẹ jẹ́ n bá yín wá PDF

Àṣàkẹ́_Oníwèé

TỌ́BÍ.